Bí A Ṣe Ń Wọn Ìdàgbà Ìmọ̀lára Àwọn Olùkọ́ Girama: Ìtọ́sọ́nà Fún Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ Àti Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Ṣe Ìwádìí

Báwo la ṣe lè wọn ìdàgbà ìmọ̀lára olùkọ́? Ìbéèrè yìí kì í kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá M.Ed. ń wá ìwé ìbéèrè tó máa lò. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ mọ èwo nínú àwọn tíṣà rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó láti mójú tó kíláàsì tó le, àti èwo ló ń fẹ́ ìrànwọ́ kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Ohun kan náà ni wọ́n ń wá: bí wọ́n ṣe máa wọn ohun tí ojú kò rí, láì fi àbùkù kan olùkọ́ kankan.

Ó ṣeé wọ̀n. Ṣùgbọ́n ìwé ìbéèrè kan ṣoṣo kò tó. Ohun tí olùkọ́ bá kọ sílẹ̀ nípa ara rẹ̀ ní yàrá tútù lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó máa ṣe nígbà tí ọmọ bá pòṣé sí i. Ó kéré tán, ẹ lo ọ̀nà méjì, kí ọ̀kan máa yẹ èkejì wò. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo tò sílẹ̀ níhìn-ín, kí ẹ lè mú èyí tí agbára yín ká.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n

Ẹni tó dàgbà nínú ìmọ̀lára mọ ohun tó ń ṣe òun nínú, ó lè kó ara rẹ̀ níjàánu, ìwà rẹ̀ sì máa ń bá bí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ṣe tó mu. Òun náà ń bínú. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: inú ń bí i, ó sì ń rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe.

Ẹ wo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, píríọ́dù tó kẹ́yìn, nínú kíláàsì SS2 tí ọmọ pọ̀ sí. Ooru mú, ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta ló há mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì. Olùkọ́ ìṣirò kọjú sí pátákó, ni ẹnì kan bá pòṣé gígùn lẹ́yìn rẹ̀, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ àkọ́kọ́ yí padà, ó nawọ́ sí ọmọ tó sún mọ́ ọn jù, ó ní kó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìyá tó bí i. Olùkọ́ kejì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátákó, ó sì jáde. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti yẹ ìwé àwọn ọmọ náà wò mọ́ títí táàmù fi parí. Olùkọ́ kẹta fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́ o. Ó ti rẹ̀ yín, ó ti rẹ èmi náà. Ẹ jẹ́ ká parí àpẹẹrẹ kan péré yìí." Nígbà tí aago lù, ó pe ọmọ tó pòṣé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun pẹ̀lú rẹ̀ nìkan.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn mẹ́ta yìí lẹ fẹ́ wọ̀n. Ẹ kíyè sí olùkọ́ kejì dáadáa. Kò pariwo, kò na ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ń ka ariwo nìkan, ẹ máa fún un ní máàkì tó pọ̀, bẹ́ẹ̀ ó di àwọn ọmọ sínú fún odindi táàmù.

Àwọn nǹkan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kó pọ̀ mọ́ ọn nìyí:

- Ọjọ́ orí àti iye ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ lè wo bóyá wọ́n bá ara wọn tan. Ẹ má gbà á pé wọ́n bá ara wọn tan kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.
- Ìwà jẹ́jẹ́. Ẹni tó ń dákẹ́ lè ní sùúrù, ó sì lè jẹ́ ẹ̀rù ló ń bà á.
- Àárẹ̀ iṣẹ́. Olùkọ́ tí wọn kò san owó oṣù rẹ̀, tó ń kọ́ píríọ́dù mẹ́fà lójúmọ́, lè máa kanra torí pé agbára rẹ̀ ti tán. Àárẹ̀ ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù ni Maslach Burnout Inventory, tó jáde ní 1981.
- Òye ìmọ̀lára (emotional intelligence). Èyí ni ohun tí Peter Salovey àti John Mayer, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, kọ nípa rẹ̀ ní 1990: kéèyàn lè ka ìmọ̀lára ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn, kó sì lò ó. Èèyàn lè mọ inú ẹlòmíràn kà dáadáa, kó sì fi ṣe é ní jàǹbá. Ìdí nìyí tí kò fi dáa kí ẹ fi ìwé ìbéèrè òye ìmọ̀lára wọn ìdàgbà, kí ẹ wá kọ "ìdàgbà" sí orí iṣẹ́ yín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbọgbẹ́ níwájú àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò.

## Kí ẹ tó pín ìwé kankan

1. Ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. "Mo fẹ́ mọ irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn olùkọ́ wa nílò." Tàbí: "Mo fẹ́ wo bóyá ìdàgbà ìmọ̀lára àti ìṣàkóso kíláàsì jọ ń rìn." Bí kò bá wọ gbólóhùn kan, ẹ kò tíì ṣe tán.
2. Ẹ gba àṣẹ. Fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ẹ kọ̀wé sí àjọ tó ń ṣàkóso àwọn olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ yín: TESCOM ni l'Ọ́yọ̀ọ́, ní Èkó, ọ́fíìsì Education District tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà lábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Fún ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ẹ bá ẹni tó ni ín àti ọ̀gá sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní láti kọjá lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń ṣèwádìí lórí wọn.
3. Ẹ gba ìyọ̀ǹda olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, lórí ìwé. Kó mọ ohun tí ẹ ń wọ̀n, ẹni tó máa rí i, àti pé òun lè yọwọ́ nígbàkigbà láì sí ẹni tó máa bi òun ní ìdí.
4. Ẹ fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ. Ẹ tọ́jú ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ sí ibòmíràn, kó má bá ìdáhùn gbé inú àpò kan. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 kan irú àkọsílẹ̀ báyìí.
5. Ẹ sọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ kò ní pa mọ́. Bí ẹ bá rí olùkọ́ tó ń ṣe ọmọ léṣe tàbí tó ń fi ọwọ́ pa ọmọ lára, ẹ máa fi tó àwọn tó yẹ létí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìyọ̀ǹda láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má di ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn lọ́jọ́ iwájú.

Ìkìlọ̀: Ẹ má fi máàkì yìí dá ẹnikẹ́ni dúró lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má fi gbé ẹnikẹ́ni ga, ẹ má sì fi gé owó oṣù. Lọ́jọ́ tí ìròyìn bá dé yàrá àwọn olùkọ́ pé máàkì náà ń lé èèyàn lọ sílé, gbogbo wọn máa kọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ẹ̀ ń wọ̀n ni bí wọ́n ṣe mọ irọ́ pa tó. Mo tẹnu mọ́ ọn torí pé àwọn ọ̀gá tó ní èrò rere náà ń ṣe é, pàápàá nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá kéré tí wọ́n sì ń wá ẹni tí wọ́n máa yọ.

## Ọ̀nà kìíní: ìwé ìbéèrè tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ń dáhùn

### Bí ẹ bá fẹ́ lo èyí tó wà nílẹ̀

Èyí tí ẹ máa bá pàdé jù ni Emotional Maturity Scale tí Yashvir Singh àti Mahesh Bhargava ṣe ní Íńdíà. Ìbéèrè 48 ló ní, ó sì pín sí ọ̀nà márùn-ún: ìmọ̀lára tí kì í dúró sójú kan, pípadà sí ìwà ọmọdé nígbà ìṣòro, àìlè bá èèyàn gbé, ìwà tí kò ṣọ̀kan, àti àìlè dá dúró. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba máàkì láti 1 dé 5, torí náà máàkì gbogbo rẹ̀ kò lè kéré sí 48, kò sì lè ju 240 lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: nínú òṣùwọ̀n yìí, bí máàkì bá ṣe ń ga sí i ni ìdàgbà ń kéré sí i. Bí olùkọ́ kan bá gba 92, tí ẹlòmíràn sì gba 171, ẹni tó gba 92 ló dàgbà jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbàgbé èyí lè ṣe ìṣirò rẹ̀ láì ní àléébù kankan, kó wá kọ ìdàkejì òótọ́ sí orí karùn-ún: pé àwọn tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ dàgbà jù, nígbà tí nọ́ńbà ń sọ pé wọ́n kéré jù. Ẹ lẹ ìwé kékeré mọ́ kọ̀ǹpútà yín: GÍGA = KÒ TÍÌ DÀGBÀ.

Nǹkan méjì mìíràn nípa rẹ̀. Wọ́n ń ta òṣùwọ̀n náà ni, kò tọ́ kí ẹ wá ẹ̀dà tí ẹnì kan yà ní fóònù kí ẹ máa lò ó. Èkejì, ìwé ìlànà rẹ̀ fa ààlà tó ń sọ pé ẹni báyìí dàgbà, ẹni báyìí kò dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà ni wọ́n ti fa ààlà yẹn. Ẹ má fi dá olùkọ́ ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo lẹ́jọ́. Àwọn olùkọ́ tí ẹ wọ̀n ni kí ẹ fi wé ara wọn.

### Bí ẹ bá fẹ́ kọ tiyín

Fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ọ̀rọ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ lójú àwọn olùkọ́ yín ló máa wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè 20 ti tó. Irú àwọn gbólóhùn tó ń ṣiṣẹ́ nìyí:

- Mo máa ń dúró kí ara mi balẹ̀ kí n tó pinnu ìyà tí ọmọ máa jẹ.
- Bí mo bá ṣi ọmọ bá wí, mo máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.
- Bí nǹkan kan bá bí mi nínú nílé, àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń fojú winá rẹ̀. *(yí padà)*
- Bí ọ̀gá bá bá mi wí, ó máa ń pẹ́ kí n tó lè bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. *(yí padà)*
- Bí òbí bá wá bá mi jà, mo lè gbọ́ ọ tán kí n tó fèsì.

Ìdáhùn márùn-ún: *rárá* (1), *ṣọ̀wọ́n* (2), *nígbà mìíràn* (3), *lọ́pọ̀ ìgbà* (4), *nígbà gbogbo* (5). Àwọn tí mo kọ "yí padà" sí ń sọ̀rọ̀ nípa àìdàgbà, nítorí náà ẹ yọ máàkì wọn kúrò nínú 6 kí ẹ tó ró o pọ̀. Bí olùkọ́ bá fi 4 sí ìbéèrè kẹta, 2 lẹ máa kọ. Bẹ́ẹ̀, máàkì gíga máa túmọ̀ sí ìdàgbà gíga, láti 20 dé 100.

Gbólóhùn tí kò dáa: "Mo ní sùúrù, mo sì fẹ́ràn àwọn ọmọ." Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀, èwo ni ẹni náà ń dáhùn? Òmíràn: "Olùkọ́ rere kì í lo ìbínú." Kò sí ẹni tó máa sọ pé rárá. Ẹ béèrè ohun tí olùkọ́ *ń ṣe*, ẹ fi ohun tó *gbà gbọ́* sílẹ̀.

### Ìgbésẹ̀ rẹ̀, lẹ́sẹẹsẹ

1. Ẹ fi han ẹni mẹ́ta kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́: olùgbani-nímọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ kan, olùkọ́ tó ti pẹ́, àti ẹni tó mọ̀ nípa ìdánwò. Ẹ yọ gbólóhùn tí ẹni méjì bá ṣì lóye.
2. Ẹ dán an wò lọ́dọ̀ olùkọ́ bí 20 sí 30 ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò sí lára àwọn tí ẹ máa wọ̀n.
3. Ẹ yẹ ìṣọ̀kan rẹ̀ wò, ìyẹn bóyá ohun kan náà ni gbogbo ìbéèrè náà ń wọ̀n. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní alpha ti Cronbach ni wọ́n sábà máa ń lò fún èyí. Jamovi àti JASP, àwọn ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò ìwádìí, ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá dé 0.70, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ó bá kéré gan-an, ẹ má tíì da ìwé náà nù: ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ gbàgbé láti yí àwọn tó yẹ kí ẹ yí padà. Ibẹ̀ ni ìṣòro sábà máa ń wà.
4. Ẹ yan iye èèyàn. Fún ilé-ẹ̀kọ́ kan, gbogbo olùkọ́ ni. Fún ìwádìí ńlá, àtẹ tí Krejcie àti Morgan gbé jáde ní 1970 ni ọ̀pọ̀ ń lò: nínú olùkọ́ 100, ẹ mú 80; nínú 200, ẹ mú 132; nínú 500, ẹ mú 217. Ẹ fi kèké yàn wọ́n. Ẹni tó bá kàn jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́ nígbà tí ẹ dé kì í ṣe ẹni tí kèké mú.
5. Ẹ yan ọjọ́ tó dáa. Ẹ sá fún ọ̀sẹ̀ WAEC, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń ṣírò èsì ìdánwò, ọjọ́ tí alábẹ̀wò ìjọba wá, àti àkókò tí owó oṣù kò tíì wọlé. Bí ẹ bá wọn ènìyàn lọ́jọ́ tí ebi ń pa á, ebi náà lẹ wọ̀n.
6. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ lẹ àpòòwé rẹ̀ pa, kó sọ ọ́ sínú àpótí. Ọ̀gá àti igbákejì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ gbà á. Bí ìwé bá gba ọwọ́ ọ̀gá kọjá, òótọ́ ti kúrò nínú rẹ̀.
7. Ẹ yọ ìwé tó fi hàn pé wọn kò kà á. Ẹni tó bá fi 5 sí gbogbo ìbéèrè, títí kan àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa àìdàgbà, kàn ń fàlà lásán ni.

## Ọ̀nà kejì: ìṣẹ̀lẹ̀ kékeré, "Kí lẹ máa ṣe?"

Ọ̀nà yìí dín ìpọ́nra-ẹni kù, torí pé olùkọ́ kò mọ èwo ni ìdáhùn tí ẹ ń retí. Ẹ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ sì ní kó kọ ohun tó máa ṣe *láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́* àti *ní ọjọ́ kejì*. Ìbéèrè ọjọ́ kejì yẹn ló máa ń mú olùkọ́ tó ń dákẹ́ tó sì ń di ọmọ sínú.

Àpẹẹrẹ kan: *Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan já wọ kíláàsì yín, ó ń pariwo lójú àwọn ọmọ pé ẹ kórìíra ọmọ òun ni ẹ ṣe fún un ní máàkì tó kéré. Ẹ mọ̀ pé máàkì náà tọ́.*

Òmíràn: *Ẹlẹgbẹ́ yín fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp àwọn olùkọ́, àwọn mìíràn sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa mójú tó yàrá ìdánwò lọ́la.*

Bí ẹ ṣe máa fún un ní máàkì:

- 0: ó fi ìbínú dá ọ̀rọ̀ náà lóhùn, tàbí ó gbẹ̀san lára ẹni tí kò mọ̀ nǹkan kan (ọmọ ìyá náà, fún àpẹẹrẹ).
- 1: ó kó ara rẹ̀ níjàánu, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí ó dì í sínú.
- 2: ó kó ara rẹ̀ níjàánu, ó sì wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà máa gbà yanjú.

Kí ẹni méjì yẹ ìwé kan náà wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láì rí máàkì ara wọn. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, kí wọ́n jọ ka ìdáhùn náà kí wọ́n tó fẹnu kò.

Ẹ má rán ẹnikẹ́ni lọ bá olùkọ́ jà láti fi dán an wò o. Mo sọ ọ́ torí pé àwọn kan máa ń fẹ́ rán ẹnì kan lọ mú olùkọ́ bínú kí wọ́n lè wo ohun tó máa ṣe. Ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀n, ìwọ̀sí ni.

## Ọ̀nà kẹta: wíwo olùkọ́ nínú kíláàsì

Òun ló gba àkókò jù, òun náà ló sì ṣeé gbára lé jù lọ́wọ́ tèmi.

1. Ẹ sọ fún olùkọ́ pé ẹ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má fi ara pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé.
2. Ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún píríọ́dù mẹ́rin, ní ọjọ́ àti wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ìsinmi, ọ̀kan ní ìparí ọjọ́. Ẹ ju àkọsílẹ̀ píríọ́dù àkọ́kọ́ nù. Àṣehàn ló máa ń pọ̀ nínú rẹ̀.
3. Ẹ pín ìwé yín sí òpó mẹ́ta: *ohun tó ṣẹlẹ̀*, *ohun tí olùkọ́ ṣe*, *bó ṣe pẹ́ tó kí ẹ̀kọ́ tó padà bọ̀ sípò*.
4. Ẹ kọ ohun tí ojú rí. "Ó lu tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní 'olódo'" ni ẹ máa kọ. "Inú bí i" jẹ́ ìtumọ̀ tí ẹ̀yin fún un. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá délé.
5. Ẹ wo bó ṣe ń *padà bọ̀ sípò*. Ẹni tó gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan, tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kíá, tó sì tún pe ọmọ tó bá wí láti dáhùn ìbéèrè lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yàtọ̀ sí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ kan ba odindi píríọ́dù jẹ́.
6. Bí ẹni méjì bá ń wò, ẹ fi àkọsílẹ̀ wéra. Bí ẹ bá jọ rí ìṣẹ̀lẹ̀ 20, tí ẹ sì bára mu lórí 18, ìyẹn jẹ́ ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí kò bá tó 80, ẹ padà lọ ṣàlàyé òpó kọ̀ọ̀kan fún ara yín.

Bí píríọ́dù kan bá kọjá tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ẹ kọ "kò sí ìṣẹ̀lẹ̀". Ẹ má fún un ní máàkì sùúrù fún ohun tí kò dán sùúrù rẹ̀ wò.

## Ọ̀nà kẹrin: ohùn àwọn ọmọ

Àwọn ọmọ mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rọra. Ẹ gba ìyọ̀ǹda òbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kọ orúkọ, ẹ má sì lò ó ní kíláàsì tí ọmọ kò bá pọ̀, níbi tí olùkọ́ ti máa mọ ọwọ́ ìkọ̀wé. Ìbéèrè mẹ́fà ti tó. "Bí ẹnì kan bá ṣẹ olùkọ́ yìí, ṣé gbogbo wa ló máa ń jẹ ìyà rẹ̀?" "Ṣé mo lè sọ fún un pé ohun tó kọ́ wa kò yé mi?" Ẹ ṣe é kí èsì ìdánwò tó jáde, lẹ́yìn èsì, máàkì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olùkọ́ ló máa fọwọ́ kọ ìdáhùn.

## Bí ẹ ṣe máa ka èsì

Ẹ má ró gbogbo rẹ̀ pọ̀ di nọ́ńbà kan. Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì wo ibi tí wọn kò ti bára mu:

- Ìwé ìbéèrè ga, kíláàsì kéré: bóyá ó ń pọ́n ara rẹ̀, bóyá kò mọ bí òun ṣe rí lójú àwọn ọmọ. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ló kàn.
- Ìwé ìbéèrè kéré, kíláàsì ga: olùkọ́ tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ gan-an nìyí. Irú wọn máa ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ dáadáa. Ẹ má fi ìwé ìbéèrè rẹ̀ dá a lẹ́bi.
- Ó dáa láàárọ̀, ó bàjẹ́ lọ́sàn-án: ẹ lọ wo táímùtébù kí ẹ tó wo olùkọ́. Ẹni tó kọ́ píríọ́dù mẹ́rin léra wọn láì mu omi kò nílò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìbínú. Ìsinmi ló nílò.
- Gbogbo rẹ̀ kéré: ẹ pè é, ẹ̀yin méjì péré.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú máàkì. Ohun tí ọ̀gá lè sọ nìyí: "Ẹ ṣeun tí ẹ wá, mà. Nínú píríọ́dù mẹ́ta tí mo wò, mo rí i pé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn ìsinmi, ọ̀rọ̀ yín àti àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn le díẹ̀. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ lákòókò yẹn?" Kí ọ̀gá wá dákẹ́, kó gbọ́. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n jọ mú ohun *kan* tí olùkọ́ máa gbìyànjú, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọ́n máa tún wò ó. Táàmù kan ni mo dámọ̀ràn.

Ọ̀rọ̀ ìpalára ọmọ kò sí lára èyí o. Bí ẹ bá rí i, ẹ má kọ máàkì sí i. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 wà fún un, ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ló sì ń lọ.

## Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Fífi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn olùkọ́ kí wọ́n máa dá a lóhùn níbẹ̀, lójú ara wọn.
- Wíwọn àwọn obìnrin nìkan torí pé "àwọn ló ń kanra". Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, èsì yín ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó béèrè.
- Fífi ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ 25 wà ní kíláàsì wé èyí tí 80 wà, láì sọ ọ́ nínú ìwádìí.
- Kíkọ "ìwé ìbéèrè yìí fi hàn pé olùkọ́ tí kò dàgbà *ló ń mú kí* àwọn ọmọ fìdí rẹmi". Bí nǹkan méjì bá jọ ń rìn, kò fi hàn pé ọ̀kan ló bí èkejì.
- Kíkà máàkì olùkọ́ sókè ní ìpàdé.

## Bí owó tàbí àkókò kò bá tó

Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré lè mú ọ̀nà kejì àti ìkẹta nìkan: ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́rin, píríọ́dù mẹ́ta, kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ NCE tí ọjọ́ ti ká mọ́ lè lo ìwé ìbéèrè pẹ̀lú ìṣẹ̀lẹ̀, kó sì sọ ní gbangba nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé òun kò wọ kíláàsì.

Olùkọ́ tó fẹ́ wọn ara rẹ̀ kò nílò ẹnikẹ́ni. Ẹ mú ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ nǹkan mẹ́ta sí i lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì: ohun tó bí yín nínú, ohun tí ẹ ṣe, ohun tí ẹ ì bá ṣe. Ní ìparí, ẹ wo wákàtí tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ àti orúkọ ọmọ tó ń hàn léraléra. Ọ̀rọ̀ sábà máa ń ṣú jọ síbì kan.

## Ẹ yẹ èyí wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- [ ] Ìdí rẹ̀ wà ní gbólóhùn kan
- [ ] Àṣẹ ti dé, ìyọ̀ǹda olùkọ́ kọ̀ọ̀kan wà lórí ìwé
- [ ] Ó kéré tán, ọ̀nà méjì
- [ ] Mo mọ bóyá máàkì gíga dáa tàbí kò dáa nínú òṣùwọ̀n tí mo fẹ́ lò
- [ ] Mo ti dán ìwé ìbéèrè wò níbòmíràn
- [ ] Nọ́ńbà ló wà lórí ìwé, orúkọ wà níbòmíràn
- [ ] Ọjọ́ tí mo mú kò bọ́ sí WAEC tàbí àkókò tí owó oṣù kò tíì wọlé
- [ ] Mo mọ ẹni tó máa bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àti ọjọ́ tó máa jẹ́
- [ ] Mo ti dá ọjọ́ tí mo máa jó àwọn ìwé náà tàbí tí mo máa gé wọn wẹ́wẹ́